Láti Orí Wàláà Amọ̀ Dé Ẹnu Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé: Ìpìlẹ̀ Ìtàn Ayé Títí Dé Sànmánì Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ́n

Ọ̀nà méjì gbòòrò ni àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń pín ìgbé-ayé ọmọ ènìyàn sí: ìgbà tí kò sí àkọsílẹ̀, tí ó gùn ju ohun tí ọkàn lè rò lọ, àti ìgbà tí àkọsílẹ̀ wà, tí kò tíì pé ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́fà. Ìpín yìí kò sọ pé ẹni tí kò kọ̀wé kò ní ìtàn, nítorí pé àwọn orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ jẹ́rìí sí ìlú tí ó ní ọba, oníṣẹ́-ọnà àti òwò jíjìn réré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìwé kankan tí ó bá wọn rìn. Ohun tí àkọsílẹ̀ fi kún un ni pé ó gba ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu olùsọ, ó gbé e kọjá òkun àti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà púpọ̀, ó sì fi í lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ olùsọ rí, kí onítọ̀hún lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó gbà á tàbí kí ó takò ó.

Ẹ̀kọ́ yìí tọ ipasẹ̀ ìtàn ayé láti àwọn ìlú àkọ́kọ́ dé ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn amòye Yúróòpù fi làákàyè ṣe adájọ́ lórí ohun gbogbo, èyí tí a ń pè ní Sànmánì Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ́n. Okùn kan ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: bí ohun ìkọ̀wé ṣe ń dínwó sí i tí ìkọ̀wé sì ń rọrùn láti kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó lè bi aláṣẹ ní ìbéèrè ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí gègé kò tíì dé ọwọ́ wọn sábà máa ń di ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ ìtàn àti òfin lé lórí. Níbikíbi tí àmì ṢK bá ti tẹ̀lé ọdún kan, ó dúró fún “ṣáájú ìbí Krístì”. Ọdún tí kò bá ní in jẹ́ ti ẹ̀yìn ìbí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Mesopotámíà, láàárín odò Tígírísì àti odò Yúfírétì, ní ibi tí orílẹ̀-èdè Ìráàkì wà lónìí, ni àwọn ìlú ńlá tí ọjọ́ wọn pẹ́ jù lọ nínú ẹ̀rí àwọn awalẹ̀pìtàn ti yọjú. Awalẹ̀pìtàn ni onímọ̀ tí ń wa ilẹ̀ láti rí ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀. Òjò kò tó ní gúúsù ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n odò méjèèjì a máa kún, wọn a sì fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ bí wọ́n bá fà, nítorí náà àwọn ará Sumer gbẹ́ ojú omi, wọ́n darí odò sí oko ọkà bálì, wọ́n sì ń kórè ju èyí tí àgbẹ̀ àti ìdílé rẹ̀ lè jẹ tán lọ. Àjẹṣẹ́kù yìí ni ó yọ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn kúrò nínú iṣẹ́ oko, tí ẹni kan fi di amọ̀kòkò, tí ẹni kan di alágbẹ̀dẹ, tí ẹni kan di àlùfáà, tí ẹni kan di ọmọ ogun, tí gbogbo wọn sì kóra jọ sí ìlú bí Uruk, tí iye ará ibẹ̀ ti wọ ẹgbẹẹgbàárùn-ún ní nǹkan bí ọdún 3000 ṢK.

Ibi tí ọkà, àgùntàn àti ọtí bá ti ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde lójoojúmọ́, orí nìkan kò lè gbà á dúró. Ní nǹkan bí ọdún 3300 sí 3200 ṢK, àwọn alábòójútó tẹ́ńpìlì Uruk bẹ̀rẹ̀ sí í fa àmì sára wàláà amọ̀ tútù láti fi ṣe ìṣirò ohun tí ó wà ní àká, nítorí náà àwọn ìwé tí ó pẹ́ jù lọ láyé kì í ṣe oríkì ọba tàbí àdúrà, ìwé owó àti ẹrù ni wọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé ẹnu igi ìfefe kí ó lè tẹ àmì tí ó dà bí orí ìṣó, wọ́n sì fi àmì wọ̀nyí dúró fún ìró ọ̀rọ̀, tí ó fi ṣeé ṣe láti kọ ìtàn, òfin àti ìwé ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Gẹ́gẹ́ bí òǹkà Yorùbá ṣe dúró lórí ogún, òǹkà àwọn ará Mesopotámíà dúró lórí ọgọ́ta, ogún tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni ọgọ́ta ìṣẹ́jú tí ó wà nínú wákàtí kan.

Hammurabi, tí ó jọba ní Bábílónì láàárín 1792 sí 1750 ṢK, gbẹ́ òfin tí ó tó igba ó lé ọgọ́rin sára òpó òkúta dúdú kan tí ó ga ju mítà méjì lọ, èyí tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris lónìí. Òfin náà sọ pé bí ilé bá wó pa onílé nítorí iṣẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, ẹni tí ó kọ́ ọ yóò kú. Ó sì sọ pé ẹni tí ó bá fọ́ ojú ẹni pàtàkì, ojú tirẹ̀ náà ni a ó fọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ojú mẹ̀kúnnù, fàdákà ni yóò san, bí ó bá sì jẹ́ ojú ẹrú, ìlàjì owó tí a lè fi ra ẹrú náà ni yóò san fún olówó rẹ̀. Àkọsílẹ̀ òfin dín àǹfààní kù fún adájọ́ láti máa dájọ́ bí ó ti wù ú, síbẹ̀ ìkọ̀wé olórí-ìṣó ní àmì tí ó tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, nítorí náà ìwọ̀nba akọ̀wé díẹ̀ ni ó lè ka ohun tí ọba kọ, mẹ̀kúnnù tí òfin ń mú kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Ní Íjíbítì, odò Náílì a máa kún lọ́dọọdún ní àsìkò tí gbogbo ènìyàn mọ̀, aṣálẹ̀ sì dáàbò bo ilẹ̀ náà lápá ọ̀tún àti òsì, èyí tí ó mú kí ọba kan ṣoṣo, tí a ń pè ní Fáráò, lè so òkè àti ìsàlẹ̀ odò pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 3100 ṢK. Àwọn ará Íjíbítì ń la igi papírọ́ọ̀sì tí ń hù létí omi sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n ń to àwọn ìlà náà ní ìbú àti òró, wọ́n ń lù wọ́n pọ̀ títí wọn yóò fi di ohun pẹlẹbẹ tí ó ṣeé ká, tí ó fúyẹ́ ju wàláà amọ̀ lọ lọ́nà púpọ̀. Ní ọdún 2013, àwọn awalẹ̀pìtàn rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa, tí olórí òṣìṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Merer kọ ní nǹkan bí ẹgbàajì ó lé ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé bí òun àti àwọn ènìyàn bí ogójì ṣe ń fi ọkọ̀ kó òkúta ẹfun láti Tura lọ sí Giza fún pírámíìdì Fáráò Khufu. Ìwé Merer àti àwọn ìwé oúnjẹ tí a rí pẹ̀lú rẹ̀ fi hàn pé òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń bọ́ ni wọ́n, èyí tí kò bá ìtàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ mu, pé ẹrú tí a ń nà lẹ́gba nìkan ni ó kọ́ pírámíìdì.

Kì í ṣe gbogbo àkọsílẹ̀ ìgbàanì ni ó ṣeé kà mọ́. Ní gúúsù Íjíbítì, àwọn ọba Kush, tí Piye jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ṣẹ́gun Íjíbítì fúnra rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹjọ ṢK, wọ́n sì jọba lé e lórí. Àwọn ìran wọn ní Meroe dá ìkọ̀wé tiwọn sílẹ̀, tí àwọn onímọ̀ mọ ìró rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣì ṣókùnkùn. Ní àfonífojì odò Indus, ní ibi tí Pakistan àti Íńdíà wà lónìí, àwọn ará Harappa àti Mohenjo-daro fi bíríkì tí wọ́n sun kọ́ ilé, wọ́n sì la gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà láàárín 2600 sí 1900 ṢK, ṣùgbọ́n àmì kéékèèké tí wọ́n gbẹ́ sára òǹtẹ̀ wọn kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Ní Ṣáínà, àwọn ọba ìran Shang ń kọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn baba ńlá wọn sára egungun màlúù àti igbá ahun, tí wọ́n fi iná yọ́ láti mọ ìdáhùn. Nígbà tí ó sì di 221 ṢK, ọba Qin Shi Huangdi so àwọn ìjọba tí ń bá ara wọn jà pọ̀, ó sì pàṣẹ ìkọ̀wé kan, òṣùwọ̀n kan àti owó kan fún gbogbo ilẹ̀ náà, nítorí pé ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣàkóso ìkọ̀wé ti ṣàkóso ìjọba.

Àyípadà tí ó tóbi jù lọ nínú ìkọ̀wé ìgbàanì wá láti ọwọ́ àwọn oníṣòwò, kì í ṣe láti ọwọ́ ọba. Àwọn ará Foníṣíà, tí ìlú wọn bí Tire, Sidoni àti Byblos wà ní etíkun tí a ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí, lo álífábẹ́ẹ̀tì onílẹ́tà méjìlélógún, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ìró kọ́ńsónáǹtì kan, tí ọmọdé sì lè kọ́ láàárín ìgbà díẹ̀. Àwọn Gíríìkì gbà á lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṢK, wọ́n sì sọ díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà náà di fáwẹ́ẹ̀lì. Àwọn ará Ítálì gbà á lọ́wọ́ Gíríìkì, àwọn ará Róòmù sì sọ ọ́ di èyí tí a fi ń kọ Yorùbá títí di òní.

Ìlú Átẹ́nì ní ilẹ̀ Gíríìsì fi hàn bí ìkọ̀wé tí ó rọrùn ṣe lè wọ inú ìṣèlú. Lẹ́yìn àtúntò tí Cleisthenes ṣe ní nǹkan bí ọdún 508 ṢK, ìlú náà bẹ̀rẹ̀ ìjọba tí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ń pàdé láti dìbò lórí ogun, owó àti òfin, èyí tí ó jẹ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa. Bí ará ìlú bá rí i pé ẹnì kan ti lágbára jù, wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sára àpáàdì, bí àpáàdì tí a dì bá sì tó ẹgbẹ̀ta lọ́nà mẹ́wàá, ẹni tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ jù yóò lọ sí ìgbèkùn fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú jáde. Ṣùgbọ́n obìnrin, ẹrú àti àjèjì kò ní ìbò, ìlú tí ó ń gba ara rẹ̀ ní ìmọ̀ràn yìí kan náà ni ó sì dá ẹjọ́ ikú fún amòye Socrates ní 399 ṢK nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ ti ta kókó jù. Ìmọ̀ Gíríìkì tàn lẹ́yìn ìṣẹ́gun ọba Alexander, ó sì kóra jọ sí ilé ìkàwé Alexandria ní Íjíbítì, níbi tí Eratosthenes ti fi òjìji ọ̀sán gangan ní ìlú méjì ṣírò bí ayípo ayé ti tó, tí ìṣirò rẹ̀ kò sì jìnnà sí òtítọ́.

Ní Róòmù, ẹjọ́ ta ni ó ni òfin ti wáyé kí ìlú náà tó di ilẹ̀ ọba ńlá. Àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù rojọ́ pé inú orí àwọn ìdílé ọlọ́lá ni òfin wà, tí wọ́n ń yí i padà bí ó ti wù wọ́n, títí a fi kọ ọ́ sára Tábìlì Méjìlá ní nǹkan bí 450 ṢK, tí a sì gbé e sí gbangba. Róòmù lọ láti ọwọ́ àwọn aṣòfin bọ́ sọ́wọ́ ọba Augustus ní 27 ṢK, ó la ọ̀nà olókùúta yí Òkun Mẹditaréníà ká, ó gba ẹ̀sìn Krístì láyè ní ọdún 313 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ inúnibíni, apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ sì ṣubú ní 476, nígbà tí apá ìlà-oòrùn rẹ̀, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Constantinople, ń bá a lọ fún bí ẹgbẹ̀rún ọdún sí i. Ibẹ̀ ni ọba Justinian ti pa àṣẹ pé kí a kó òfin Róòmù jọ sójú kan láàárín 529 sí 534, àkójọ náà sì di ìpìlẹ̀ òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Nígbà tí ìwé kíkà ń joro ní apá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ohun ìkọ̀wé tuntun kan ń bọ̀ láti Ṣáínà. Ìtàn ààfin Ṣáínà fi ìgbéga ìwé pépà fún Cai Lun, òṣìṣẹ́ ọba, ní ọdún 105, ẹni tí ó fi èèpo igi, àkísà àti àwọ̀n àtijọ́ ṣe é. Ìmọ̀ náà bá ọ̀nà àwọn oníṣòwò dé Samarkand ní ọ̀rúndún kẹjọ, kí ọ̀rúndún náà tó parí, pépà ti wà ní Bàgídáádì, ìlú tí Kálífà al-Mansur tẹ̀ dó ní 762, níbi tí owó rẹ̀ ti kéré gan-an sí ti awọ ẹran, tí ó sì pọ̀ ju papírọ́ọ̀sì lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, àwọn Kálífà Bàgídáádì sì fi owó ra ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n: wọ́n sanwó fún ìtumọ̀ ìwé Gíríìkì, ti Páṣíà àti ti Íńdíà sí èdè Lárúbáwá. Hunayn ibn Ishaq, ọmọlẹ́yìn Krístì ní ààrin àwọn Mùsùlùmí, rin ìrìn-àjò kiri Síríà, Palẹsítínì àti Íjíbítì láti wá ìwé kan ṣoṣo tí Galen, oníṣègùn Gíríìkì, kọ, ìlàjì rẹ̀ péré ni ó sì rí ní Damásíkù.

Ní Bàgídáádì yìí kan náà ni al-Khwarizmi ti kọ ìwé nípa òǹkà àwọn ará Íńdíà, níbi tí àmì mẹ́wàá, tí òdo jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ti tó láti kọ iye ohunkóhun; Brahmagupta ti gbé òfin ìṣirò òdo kalẹ̀ ní Íńdíà ní 628. Al-Khwarizmi tún kọ ìwé ìṣirò mìíràn tí ó sọ pé ó wúlò fún pínpín ogún, fún òwò àti fún wíwọn ilẹ̀. Àwọn Mongol sun Bàgídáádì ní 1258, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, nítorí pé pépà ti gbé e dé Kọ́dóbà ní Spéìn, dé Káírò, ó sì gba Sàhárà kọjá dé Timbuktu lábẹ́ àwọn ọba Málì àti Songhay. Ahmad Baba ti Timbuktu, tí ogun Mòrókò kó lẹ́rù ìwé ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, sọ pé ẹgbẹ̀jọ ìwé ni wọ́n kó lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ òun ni ìwé rẹ̀ kéré jù nínú ìdílé òun. Nínú ìwé tí ó kọ ní nǹkan bí 1615, tí ó dá lórí irú ẹni tí òfin Ìsìláàmù gbà kí a mú lẹ́rú àti irú ẹni tí kò gbà, ó dárúkọ Yorùbá mọ́ àwọn ẹ̀yà tí kò sí nínú ẹ̀sìn náà. Ó sì wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tí orúkọ náà ti hàn. Orúkọ Yorùbá wọ inú ìwé láti ọwọ́ ẹlòmíràn, lórí ọ̀ràn bóyá a lè tà wọ́n.

Yúróòpù gba ìmọ̀ yìí padà láti ọwọ́ Lárúbáwá. Lẹ́yìn tí àwọn ọba onígbàgbọ́ gba Toledo ní Spéìn ní 1085, Gerard ti Cremona wá síbẹ̀ láti Ítálì nítorí ìwé ìràwọ̀ Ptolemy, kí ó sì tó kú ní 1187, ó ti túmọ̀ ìwé tí ó lé ní àádọ́rin láti Lárúbáwá sí Látìn. Leonardo ti Pisa, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn oníṣòwò ní Bugia ní ilẹ̀ Àlùjéríà, kọ́ òǹkà Íńdíà níbẹ̀, ó sì kọ ọ́ fún àwọn oníṣòwò Yúróòpù ní 1202. Àjàkálẹ̀ àrùn tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1347 pa ó kéré tán ìdá mẹ́ta kan nínú àwọn ará Yúróòpù láàárín ọdún díẹ̀, ó sì mú kí owó ọ̀yà òṣìṣẹ́ tí ó kù lọ sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ Ítálì bí Florence náwó sórí àwòrán, ilé àti ìwé àtijọ́, sáà tí a ń pè ní Àtúnbí Ìmọ̀.

Títẹ̀ ìwé kò bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù. Àwọn ará Ṣáínà ti ń fi pátákó gbígbẹ́ tẹ ìwé kí ọ̀rúndún kẹwàá tó dé, Bi Sheng ti fi amọ̀ ṣe lẹ́tà tí ó ṣeé tú tò ní ọ̀rúndún kọkànlá, àwọn ará Kòríà sì ti fi lẹ́tà onírin tẹ ìwé ẹ̀sìn Búdà ní 1377. Ohun tí Johannes Gutenberg ṣe ní Mainz, ní Jámánì, ní nǹkan bí 1455, ni pé ó so lẹ́tà onírin, tádàwá olóròóró àti ẹ̀rọ ìfúntí pọ̀, ó sì fi wọ́n tẹ Bíbélì tí ó tó ọgọ́sàn-án. Álífábẹ́ẹ̀tì tí lẹ́tà rẹ̀ kò pọ̀ sì mú kí iṣẹ́ náà rọrùn ju ti Ṣáínà lọ. Kí ọdún 1500 tó pé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti wà ní ìlú tí ó lé ní igba ní Yúróòpù.

Èso rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Nígbà tí Martin Luther kọ kókó ọ̀rọ̀ 95 ní 1517 láti takò títa ìwé ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, àwọn atẹ̀wé sọ àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ yunifásítì di ọ̀rọ̀ ọjà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Májẹ̀mú Tuntun tí ó túmọ̀ sí èdè Jámánì ní 1522 sì tà débi pé wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Copernicus tẹ ìwé jáde ní 1543 pé ayé ni ó ń yí oòrùn po. Galileo fi awò-awọ̀nà rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Júpítà ká ní 1610, ó sì fi èdè Ítálì, dípò Látìn, kọ ìwé rẹ̀ ní 1632 kí ará ọjà lè kà á, ohun tí ó wà lára ìdí tí ilé ẹjọ́ Ìjọ Páàdì fi dá a lẹ́bi ní 1633. Isaac Newton sì fi òfin kan náà ṣàlàyé bí èso ṣe ń já bọ́ àti bí òṣùpá ṣe ń rìn ní 1687. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà ni ó tẹ àwọn ìwé tí ó kọ́ni bí a ṣe ń mú àjẹ́ tí a sì ń dá wọn lóró, tí ó sì ru ìkórìíra tí ó bí ogun ẹ̀sìn, títí kan èyí tí ó jà fún ọgbọ̀n ọdún láti 1618 sí 1648, nítorí pé ìwé tí ó dínwó ń gbé irọ́ bí ó ti ń gbé òtítọ́.

Láti inú àárẹ̀ ogun wọ̀nyẹn ni Sànmánì Ìmọ́lẹ̀ Ọgbọ́n ti jáde. John Locke ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ní òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún pé ìfohùnṣọ̀kan àwọn tí a ń jọba lé lórí ni ó fún ìjọba lágbára, wọ́n sì lè gbà á padà. Montesquieu ti Faransé kọ ní 1748 pé kí a pín agbára láàárín aṣòfin, aláṣẹ àti adájọ́ kí ọ̀kan lè máa dí èkejì lọ́wọ́. Denis Diderot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé ìmọ̀ gbogboogbò kan, Encyclopédie, ní ìdìpọ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n láàárín 1751 sí 1772, níbi tí iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ ti ní ipò pẹ̀lú ẹ̀kọ́ Ọlọ́run. Ìjọba fòfin dè é ní 1759, ṣùgbọ́n wọ́n parí rẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́. Immanuel Kant ṣàlàyé ní 1784 pé ìmọ́lẹ̀ ọgbọ́n ni kí ènìyàn jáwọ́ nínú ipò ọmọdé tí ó fi ara rẹ̀ sí, kí ó sì ní ìgboyà láti fi orí ara rẹ̀ ronú.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yìí kò dé ni ó fi àbùkù rẹ̀ hàn. Láti ìgbà tí ọkọ̀ Columbus ti dé Amẹ́ríkà ní 1492 ni òwò ẹrú ti gbòòrò, ìṣirò àwọn onímọ̀ sì fi hàn pé ọmọ Áfíríkà tí a kó sínú ọkọ̀ kọjá òkun Àtìláńtíìkì lé ní mílíọ̀nù méjìlá kí òwò náà tó dópin. Locke tí ó kọ̀wé nípa òmìnira ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kó ẹrú, Thomas Jefferson tí ó kọ ní 1776 pé ọgbọọgba ni a dá gbogbo ènìyàn sì ní ẹrú tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Anton Wilhelm Amo, tí a bí nítòsí Axim ní ilẹ̀ Gánà lónìí, tí a sì gbé lọ sí Yúróòpù ní kékeré, ń kọ́ni ní ìjìnlẹ̀ ọgbọ́n ní yunifásítì Halle àti Jena ní Jámánì ní ọ̀rúndún kejìdínlógún yìí kan náà, síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ń bá a lọ láti kọ ọ́ pé ènìyàn dúdú kò lè ronú jinlẹ̀. Ní 1792, Mary Wollstonecraft béèrè ohun tí ó mú kí làákàyè tí wọ́n ń yìn dúró ní ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin.

Àwọn tí ó gba ọ̀rọ̀ òmìnira gbọ́ gan-an ni àwọn tí a kò kọ ọ́ fún. Ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí Faransé ti ń fi ẹrú tí wọ́n sún mọ́ ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbin ìrèké àti kọfí, àwọn ẹrú dìde ní oṣù kẹjọ ọdún 1791, púpọ̀ nínú wọn ni a bí ní Áfíríkà, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nago sì wà lára wọn. Wọ́n fi agbára mú Faransé láti fòpin sí ìmúnilẹ́rú ní 1794, wọ́n lé ọmọ ogun Napoleon, olórí Faransé, tí ó fẹ́ dá a padà, wọ́n sì kéde orílẹ̀-èdè Haiti ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1804, èyí tí ó sọ ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn tí Faransé ṣe ní 1789 di ohun tí ó kan ènìyàn dúdú náà.

Ìran kan lẹ́yìn èyí ni gègé dé ọwọ́ àwọn Yorùbá fúnra wọn lọ́nà gbòòrò. Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ̀wé nílẹ̀ Yorùbá tipẹ́, ṣùgbọ́n Samuel Ajayi Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó sì ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè náà. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Àlùfáà Samuel Johnson sì fi ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́ tẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́, ó parí ìtàn Yorùbá ní 1897, àwọn tí ó gbà á fún títẹ̀ sọ ọ́ nù, àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù títí ó fi jáde ní 1921.

Ohun tí ìtàn gígùn yìí fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kò sí ẹ̀yà kan tí ó dá ọ̀làjú ṣe, nítorí pé òǹkà Íńdíà, pépà Ṣáínà, lẹ́tà Foníṣíà àti ìtumọ̀ Bàgídáádì ni ó pàdé lórí tábìlì Newton àti ti Diderot. Ó tún kọ́ ọ pé bí ó bá mú ìwé ìtàn kankan lọ́wọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ìwé náà: ta ni ó kọ ọ́, ta ni ó lè kà á nígbà tí a kọ ọ́, ta sì ni a kọ ọ́ lé lórí tí kò ní àǹfààní láti fèsì?